Ehoro tó ń gé yín jẹ: ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara mi ná. Abo ehoro kan ni mo ń sìn, Òwú lorúkọ ẹ̀. Tí Òwú bá wà nílẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ ò ní gbà pé ó léyín lẹ́nu. Á wá fi imú tì mí lẹ́sẹ̀, á na ara ẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Àmọ́ ẹ ti ọwọ́ bọ inú àgò ẹ̀ kẹ́ ẹ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ gbé abọ́ ẹ̀ kí n fọ̀ ọ́. Mo rí i tí etí méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, mo rí i tó na ọrùn síwájú, ó kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "hùn". Mo rò pé ó ń kí mi ni. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbá ọwọ́ mi, eyín sì ti wọ ìka ìfábẹ̀lá mi. Ojú ọgbẹ́ kékeré méjì tó fara ti ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni pé mo gbá a nímú. Tẹ́lẹ̀, abọ́ nìkan ló ń bá mi jà sí. Látọjọ́ náà, ọwọ́ èyíkéyìí tó bá ti ń bọ̀ ló ń gé. Ó ti rí i pé ọwọ́ mi ń na òun, kí ló kù?

Mo wá yí ọwọ́ padà. Mi ò tún àgò ẹ̀ ṣe mọ́ nígbà tó bá wà nínú ẹ̀. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, màá jókòó sílẹ̀, màá máa ṣe nǹkan tèmi. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ kó tó jáde. Ó gba nǹkan bí oṣù kan kó tó tún máa tẹ orí sílẹ̀ fún mi kí n fọwọ́ pa á. Tiyín ńkọ́?

*

Tèmi ò kan àgò rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe fún ajá ni mo gbé wá fún ehoro: mo na ìka síwájú imú ẹ̀ kó gbóòórùn mi. Ó gbóòórùn lóòótọ́, ó sì gé e jẹ! Oníṣègùn ẹranko ló là mí lójú. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ehoro wà, ó ń rí òkè, ó ń rí ẹ̀yìn, àmọ́ kò rí ọ̀gangan iwájú imú ẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀. Òórùn àti irun ètè ló fi ń mọ nǹkan tó bá wà níbẹ̀. Èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ní báyìí, màá fọ ọwọ́, màá gba ẹ̀gbẹ́ tó ti máa rí mi, màá wá gbé ọwọ́ lé iwájú orí ẹ̀. Mi ò sì ki ìka bọ àárín wáyà mọ́, torí ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni lójú tiẹ̀.

*

Akọ ni tèmi. Bó ṣe pé oṣù 4 báyìí, ìwà yí padà. Tí mo bá ti dìde, á máa yí ẹsẹ̀ mi po, á máa kùn bí oyin tó há sínú ìgò. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń ya fídíò. Àṣé ẹsẹ̀ mi ló ń fẹ́ ní ìyàwó! Ọjọ́ tí mo fẹ́ bá tèmi lọ, ó fi eyín di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, kò jọ̀wọ́.

A tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ má retí àyípadà lọ́jọ́ kejì o, nǹkan tó ń gùn wọ́n kì í tètè tán lára. Ó tó ọ̀sẹ̀ 5 kó tó fẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni Òwú, ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ ẹ̀? Àwọn abo tí wọn ò tíì yọ tiwọn kì í sábà fẹ́ kí èèyàn wọ ibùgbé wọn. Òmíràn tiẹ̀ máa ń rò pé òun lóyún nígbà tí kò sí oyún, á máa fa irun àyà ẹ̀ tu, á máa kó koríko jọ.

*

Ẹni tó bá ní ehoro tó kàn ń rọra fi eyín tì í, ìyẹn ò kí ń ṣe ìjà. "Sún fún mi" ló ń wí. Àwọn kan ní ká ké "yéè!" tínrín bíi tehoro tó ń jẹ̀rora. Mo gbìyànjú ẹ̀, ehoro mi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò ṣe é mọ́. Mi ò kí ń sún fún un náà, torí tí mo bá sún, mo ti kọ́ ọ pé eyín ló ń ṣílẹ̀kùn.

*

Ẹ má gbàgbé àìsàn o. Ọdún 5 ni tèmi fi wà lọ́dọ̀ mi láìgé ẹnikẹ́ni jẹ, àfi lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Mo bínú. Ọjọ́ kejì ni mo rí i pé abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ tutù fún itọ́, ìgbẹ́ ẹ̀ sì ti kéré. Eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù. Ọ̀kan nínú èyí tó wà lẹ́yìn ti hù ṣóńṣó, ó ń gún un láhọ́n. Wọ́n rẹ́ ẹ, ìgéjẹ dópin. Mo ṣì máa ń bẹ̀ ẹ́.

*

Ẹ ṣé gan-an. Wọn ò tíì yọ ilé ọmọ Òwú. A máa lọ rí oníṣègùn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti yẹ abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ wò, gbígbẹ ni. Ó tún gé mi jẹ nírọ̀lẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má dá a lẹ́bi, abọ́ yẹn náà ni mo tún lọ gbé.