Àdògán onígi: báwo ni páìpù èéfín ṣe máa gba òrùlé kọjá láìdá iná sílé?

Ọmọ Ìjọ̀ka
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. A fẹ́ mọ àdògán onígi sí ilé ìdáná wa l'Ákùúrẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni, páànù lókè, sílíìn PVC. Wọ́n ní ká lo páìpù omi onísíǹkì, kó gba sílíìn lọ tààrà. Ṣé kò léwu?

Bíríkìlà Ọ̀bá-Ilé
Ẹ má gbà fún wọn. Bí iná bá pọ̀, síǹkì ara páìpù yẹn á máa yọ èéfín tó ń fa ibà. Irin dúdú ni kẹ́ ẹ rà, oní-íǹṣì 6.

Símẹ́ńtì kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí iná ti ń jó, á sán ni. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán tí ẹ pò mọ́ iyanrìn ló ń gba ooru. Kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ máa dá iná kékeré kí ẹ tó dá ńlá. Òkúta pọ̀ l'Ákùúrẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti mu omi lè bú gbàmù nínú iná. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò ní wàhálà. Kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ́tìnì ni kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Wẹ́dà Òkè-Àró
Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà ti sọ tilẹ̀. Inú òrùlé gan-an ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Páànù kì í jó, túú-báì-túú tó gbé e dúró ló ń jó. Igi tí ooru ń bá lójoojúmọ́ á máa gbẹ di èédú díẹ̀díẹ̀, títí ooru kékeré á fi tó láti ràn án. Nítorí náà, íǹṣì 18 ni kó wà láàárín páìpù onípele kan àti igi, yíká. Pẹ̀lú íǹṣì 6 ti páìpù, àyè tí káfíńtà máa ṣí jẹ́ íǹṣì 42 níbùú lóròó. Ẹ yọ PVC ibẹ̀, ẹ fi páànù pẹlẹbẹ dí i.

Ẹnu páìpù tó tín-ín-rín ni kó kọjú sísàlẹ̀, kí ọ̀dà èéfín lè ṣàn padà sínú iná dípò kó máa jò síta. Ìdè kọ̀ọ̀kan, súkúrúù 3. Kó yọ lórí páànù ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Ẹ fi fìlà bò ó nítorí òjò.

Onígi Ìsìkàn
Igi tútù á dí páìpù yẹn pa. Pákó sọ́míìlì, ẹ là á, kó wà lábẹ́ òrùlé fún oṣù 6. Bí ẹ bá fi méjì lu ara wọn, èyí tó gbẹ á dún kan-kan. Èyí tí wọ́n fi Solignum (oògùn ikán) kùn, ẹ má dá a rárá. Ẹ máa yẹ inú páìpù wò lóṣooṣù. Bí ọ̀dà bá ti nípọn tó mìlímítà 3, ẹ ha á.

Bí páìpù bá ń hó hùù-hùù, ó ti gbaná nínú nìyẹn. Ẹ dí ẹnu àdògán, kí gbogbo ilé jáde, ẹ pe 112. Ẹ má da omi sára irin gbígbóná.

Ọmọ Ìjọ̀ka
Ẹ ṣeun gan-an. Fáànù tó ń fa èéfín síta ńkọ́?

Bíríkìlà Ọ̀bá-Ilé
Ẹ má fi sí i. Òun àti páìpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èéfín á padà wọlé, títí kan èyí tí kò lóòórùn tó ń pa èèyàn lójú oorun. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ ṣí.