Ẹ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ da omi erùpẹ̀ wa sí?

BàbáÒgijo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ máa ń bà sórí ewédú ẹ̀yìnkùlé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá bu erùpẹ̀, ó ní òun máa da omi rẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ta ni?

ÌyáLáàbù: Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò gé ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ HepG2, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọmọkùnrin ọdún 15 kan. Sẹ́ẹ̀lì náà ṣì ń pọ̀ sí i títí dòní. Inú àwo olómi oúnjẹ la ti ń sìn ín, ní ooru 37°C bíi ti ara. Lẹ́yìn tí omi erùpẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, a ó fi MTT sí i, aró aláwọ̀ ìyeyè. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Òkú ò lè ṣe é.

Adé_Ìkòròdú: Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ni kí wọ́n yẹ̀ wò jàre! Ṣebí òjé, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010.

ÌyáLáàbù: Òótọ́ lẹ sọ. Àwo ò ní egungun, bẹ́ẹ̀ inú egungun ni òjé ń fara pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwo á sọ bí májèlé ṣe ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́; ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ iye tó ti wọ ara ọmọ. Bàbá, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ sì má jẹ ewédú yẹn mọ́.