Ọ̀rá kì í ṣe náílọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí a kọ «náílọ̀nù» sílẹ̀ fún gbogbo àpò pẹlẹbẹ tí a fi ń di ọjà, torí pé «ọ̀rá» jọ ọ̀rọ̀ alápatà. Ẹ má bínú, n kò gbà.

Náílọ̀nù ní tirẹ̀. Iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ni Carothers, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ti ṣe é lọ́dún 1935; òun ni wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ obìnrin àti àwọ̀n apẹja. Èyí tí a fi ń di píọ̀ wọ́tà, pọliẹ́tílìn ni, tí wọ́n ṣèèṣì rí ní England lọ́dún 1933. Ẹ gé ọ̀rá omi díẹ̀ sínú bàsíà omi, kí ẹ fọwọ́ pa afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ kúrò: á léfòó. Fọ́nrán àwọ̀n náílọ̀nù á rì.

Kí ló tún máa ń léfòó lórí omi, tó ń yọ̀, tí omi kì í wọ̀ lára? Ọ̀rá ẹran ni! Àbẹ́là gan-an, mọ̀lẹ́bí pọliẹ́tílìn ni: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan ló wà lára àwọn méjèèjì, àfi pé okùn kábọ́ọ̀nù inú pọliẹ́tílìn gùn jìnnà. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ọ̀rá kò ka kẹ́mísìrì, ojú àti ọwọ́ ló lò.

«Ọlọ́pọ̀-ẹ̀yà» tí wọ́n dá lábàá fún polymer, irú ohun tí pọliẹ́tílìn àti náílọ̀nù jẹ́, ńkọ́? Ó ń ṣe mí bíi pé ẹranko ni. Ẹyọ kékeré kan náà ni a ń so mọ́ra láìmọye ìgbà, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Mo dá «àsínpọ̀» lábàá. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan á rántí asín, eku olóòórùn nì. Ohùn yàtọ̀.)

Tí a bá ní kí pọliẹ́tílìn máa jẹ́ ọ̀rá, kẹ́ẹ̀gì epo ló dí mi lọ́nà. Pọliẹ́tílìn lòun náà, nọ́ńbà 2, àmì irú ike tó jẹ́, ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, nígbà tí ọ̀rá rírọ̀ jẹ́ 4. Okùn ti kẹ́ẹ̀gì kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ̀ka, ó tò mọ́ra dáadáa, ìyẹn ló ṣe le. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe kẹ́ẹ̀gì ní ọ̀rá lójú ìyá rẹ̀? Lọ́jà, ike ni kó máa jẹ́ lọ. Nínú ìwé kẹ́mísìrì, mo fẹ́ kí 2 jẹ́ «ọ̀rá kíki», kí 4 jẹ́ «ọ̀rá fífúyẹ́». «Kíki» kò tíì dùn lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó gbé e wá.