Àgbàṣe ló wà lórí àwo, àwa la fẹ́ gbé e lọ sóde

Olórí ẹgbẹ́, Òkè-Àdó: Mo kí gbogbo ilé o. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbé orin kan jáde tó jẹ́ ohun-èlò nìkan, tí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé sitúdíò ní Mókọ́lá, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní ọwọ́ onífèrè wa kò tíì dúró, a sì háyà onífèrè mìíràn tó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin náà fọn ún tán, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò máa gbé orin náà lọ sóde àríyá, àwòrán wọn ni mo sì fẹ́ lò. Àgbàṣe yìí wá ń bẹ̀ mí pé kí orúkọ òun hàn; onífèrè tiwa sì ní bí ó bá hàn, òun yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Onígítà, Bódìjà: Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Lọ́dún 1965, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé orin ohun-èlò kan jáde lórúkọ The T-Bones, àwọn àgbàṣe sitúdíò Los Angeles tí a mọ̀ sí Wrecking Crew ló sì ṣe é. Ìgbà tó gbajúmọ̀ tán ni àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń gbé e kiri lórúkọ yẹn. Ní ti onífèrè yín tó ń bínú, ẹ sọ ìtàn Duck Dunn, oníbéèsì ará Amẹ́ríkà, fún un. Ó wà nínú ẹgbẹ́ The Mar-Keys nígbà tí orin wọn, "Last Night", jáde lọ́dún 1961, ṣùgbọ́n Lewie Steinberg ló ta gìtá béèsì tó wà lórí àwo. Dunn yìí kan náà ló wá rọ́pò Steinberg nínú ẹgbẹ́ olórin mìíràn, Booker T. & the M.G.'s.

Oníbéèsì, Challenge: Èmi kò rí ohun tí àgbàṣe ń wá mọ́. Ó ti gbowó iṣẹ́. Bíríkìlà tó kọ́lé mi kò kọ orúkọ sára ògiri.

Agbẹjọ́rò, Ìyágankú: Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. Òfin Copyright (òfin ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́-ọnà) ti ọdún 2022 nílẹ̀ wa fún ẹni tó lo ohun-èlò lórí àwo ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a dárúkọ òun, èyí sì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó. Olórí, ta ló ṣẹ̀dá ohun tó fọn?

Olórí ẹgbẹ́, Òkè-Àdó: Èmi ni mo ni orin náà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti rọra fa ohùn fèrè wálẹ̀ títí gángan fi dá a lóhùn, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ti gbọ́ ọ ń ní ká tún gbé fún àwọn.

Agbẹjọ́rò, Ìyágankú: A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti orúkọ nìkan. Ẹ pè é kí orin tó jáde, ẹ jọ jókòó sọ ìpín tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Àwòrán ẹgbẹ́ yín lè wà níwájú àwo, kí orúkọ ẹni tó fọn fèrè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Onígítà, Bódìjà: Kí onífèrè tiyín sì tètè lọ kọ́ ibi tí ohùn fèrè ti ń wálẹ̀ yẹn o, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará òde yóò máa dúró dè é.