Rédíò ọkọ̀ mi kò gba sídíì mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo bá ti ki sídíì bọ inú rédíò ọkọ̀ mi, á gbé e mì, á yí i díẹ̀, á ṣe “kẹ́-kẹ́-kẹ́”, á sì pọ̀ ọ́ padà. Rédíò fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, gbogbo sípíkà ń dún, nítorí náà mi ò rò pé fíúsì ni.

Ohun tó rú mi lójú ni pé sídíì tí wọ́n tẹ̀ nílé-iṣẹ́ ṣì máa ń kọrin nígbà mìíràn. Èyí tí a fi kọ̀ǹpútà kọ kì í kọrin rárá. Irú ìyẹn kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ti ilé-iṣẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí lẹ́ńsì tó ń kà á. Eruku Ìbàdàn lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe kékeré.

Rẹ́wáyà mi ní kí n ra tuntun tó ń lo fláàṣì. Mi ò fẹ́. Ohùn bàbá mi olóògbé, níbi tí wọ́n ti ń kì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, wà lórí ọ̀kan nínú àwọn sídíì náà, inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ.

Ṣé kí n tú u, kí n fi òwú àti sípírítì nu lẹ́ńsì náà, àbí sídíì onírun tí wọ́n fi ń fọ lẹ́ńsì ti tó? Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́ńsì ló ti rẹ̀, ṣé a lè rí òun nìkan rà? Ẹni tó bá ti tú irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣọ́ra fún?