Wọ́n fi Wikipedia lù mí ní jìbìtì: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ẹlẹ́kọ àti oníko. Lóṣù tó kọjá, ímeèlì kan wọlé. Agbẹjọ́rò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní àjọ ńlá kan tó ń pàtẹ aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà fẹ́ ra 600 yáàdì lọ́wọ́ mi.

Mi ò kúkú gọ̀. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé olóòótọ́ ni wọ́n. Kíá ló fi líǹkì ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, Wikipedia ló ṣí, èyí táwọn ọmọ mi fi ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá! Àjọ náà wà níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin yìí sì wà láàárín àwọn alámòójútó. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n san ₦35,000 fọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì "aṣojú" wọn ní Èkó, ọ̀dọ̀ oní-POS ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi ni mo gbà lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún ń bèèrè ₦180,000, owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n pè é. Owó àjọ tí mo dá ni mo fẹ́ lọ kó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti iléèwé dé ló ní kí n jẹ́ kóun wo líǹkì yẹn.

"Àǹtí, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ rí 'oldid' àti nọ́ńbà gbọọrọ yìí? Ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n fi ń hàn yín." Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sókè ojú ìwé náà, èmi ni mo fojú fò ó. Ó ṣí ti òní, orúkọ ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀. Ó tẹ "View history". Ibẹ̀ ni ipasẹ̀ gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú ìwé náà wà, tọjọ́ taago. Láti 2001 tí Wikipedia ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ, ta ló sọ fún mi? Ẹnì kan tí kò ṣe àtúnṣe kankan rí ló ki orúkọ náà bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú ímeèlì mi. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí ẹlòmíì fi yọ ọ́ dànù. Wikipedia ti gbálẹ̀ ilé tirẹ̀, ààtàn ni wọ́n mú mi lọ wò.

*Bàbá Ìbejì, Adàtán:*
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ogún ni wọ́n fi tèmi dán mi wò. Wọ́n ní ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ bàbá mi kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, kò sì ní àrólé. Jàǹbá náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, Wikipedia kọ nípa rẹ̀, òkú kan ni wọ́n fi kún un. Mo bi wọ́n pé ṣé Ẹ̀gbá Aláké ni olóògbé ni, àbí Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu? Ó fèsì pé, "Yes sir."

*Ọmọ Aṣéró:*
Ẹ ti fi tó báǹkì létí, mà?

*Ìyá Aládìrẹ:*
Mo lọ. Wọ́n ní owó ti jáde lọ́jọ́ náà gan-an. 40 yáàdì tí mo ti rẹ sílẹ̀ fún wọn ṣì wà nílé, aró rẹ̀ dúdú minimini. Ẹni tó bá fẹ́, mo máa dín in.