Ta ló ti gbé eré tí ẹlẹ́sìn kọ̀ kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Òṣogbo. Eré àṣekágbá wa ló dá wàhálà sílẹ̀: pásítọ̀ àti ààfáà pàdé lẹ́nu ọ̀nà babaláwo lóru, oníkálukú ń fojú pamọ́. Tẹ̀súbáà já bọ́ lápò ọ̀kan, ìgò òróró bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn méjèèjì inú ọgbà ti bínú. (Láti ìgbà tí mo ti wọlé, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ẹnu wọn ti kò lé lórí.)

A ti yọ tẹ̀súbáà kúrò. A pe àwọn aṣáájú wọn wá wo ìdánrawò, wọn ò yọjú. Olùkọ́ wa wà lẹ́yìn wa, àmọ́ àwọn aláṣẹ ti gbọ̀ngàn pa, wọ́n ní ká lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Mo ka abala 39 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún wọn, èyí tó fún oníkálukú lómìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Abala 204 òfin ìwà ọ̀daràn ni wọ́n fi dá mi lóhùn, èyí tó ní títàbùkù ẹ̀sìn lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, ọ̀gá eléré orí ìtàgé, ti bẹ̀rẹ̀ Mbárí Mbáyọ̀, ojúkò àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà, ní 1962 rèé o!

A fẹ́ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan nígboro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí: ṣé olùdánwò tó ń ti ìta wá á fún eré tá a ṣe lẹ́yìn ọgbà ní máàkì, ta ló sì yẹ kó fọwọ́ sí lẹ́tà tá a máa fi gbé eré náà jáde, olórí ẹ̀ka wa ni àbí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́?